Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ti Tà Tán Kì í Ṣe Iṣẹ́ Kásúà



Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní kàńtíìnì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń kọ ọ́ síbí nítorí àwọn tó wà ní ṣíìfù alẹ́ tí wọn kò sí níbẹ̀, àti nítorí pé ó kan ìwé àdéhùn tuntun tí a ń bá àwọn ọ̀gá fà lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú àwọn awakọ̀ ní àbúrò ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2019, àbúrò wọn yìí lọ sọ́dọ̀ díílà kan láti fi ọ́dà mọ́tò sípọ́ọ̀tì tuntun sílẹ̀, Chevrolet Corvette. Mọ́tò pẹ́ kó tó dé. Díílà sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ ló yanṣẹ́ lódì. Ẹ̀gbọ́n wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé: "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìyanṣẹ́lódì ló ń ba ọjà jẹ́. Bí àwa náà bá dán an wò níbí, àwọn oníbàárà yóò sá lọ." Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń mi orí sí i.

N kò bá ẹ̀gbọ́n bínú. Ẹni tó sanwó tí kò rí ọjà, inú rẹ̀ kò lè dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọ́dà náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, ká mọ ẹni tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì mọ ẹni tí owó wọ àpò rẹ̀.

Ìlú Bowling Green, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni General Motors ti ń ṣe Corvette láti ọdún 1981. Ènìyàn méjì péré ló ń jókòó sínú rẹ̀. Ti ọdún 2020 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráyé tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò níwájú lọ sí ẹ̀yìn awakọ̀, ìdí nìyí tí ariwo rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n kéde fún un ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni 59,995 dọ́là. Nítorí dọ́là márùn-ún péré ni kò fi pé 60,000! Ọgbọ́n oníṣòwò kò yàtọ̀ níbikíbi.

Ẹ kò lè gbé owó yìí lọ sí gẹ́ètì ilé-iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò jẹ́ kí irú kọ́ḿpìnnì bẹ́ẹ̀ ta mọ́tò tuntun fún oníbàárà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ díílà ni yóò gbà. Oníbàárà yóò jókòó, yóò yan àwọ̀, yóò yan irú ìjókòó àti irú wíìlì, yóò san owó àsansílẹ̀, yóò sì lọ sílé lọ máa yọ̀. Ó rò pé ó parí. Ní àkókò yẹn, ohun tí wọ́n kọ sára ọ́dà rẹ̀ ni nọ́ńbà 1100, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé díílà ti kọ ọ́ sílẹ̀, kọ́ḿpìnnì kò tíì gbà á. Kọ́ḿpìnnì kò sì ní gbà á títí yóò fi pín mọ́tò kan ní àyè fún díílà náà. Díílà tó ti ta Corvette púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni í rí púpọ̀ gbà. Díílà kékeré lè gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ogún ènìyàn kó sì rí méjì péré gbà.

Bí ọ́dà bá bọ́ sí 2000, kọ́ḿpìnnì ti gbà á nìyẹn. Ní 3000, ó ti wọ inú ètò iṣẹ́. Ní 3800, mọ́tò ti parí lórí láìnì. Ní 5000, ó ti dé ọ̀dọ̀ díílà. 6000 ni kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n pe àbúrò wọn lórí fóònù lójú wa. Wọ́n pè é. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì yẹn parí, nọ́ńbà wo ni ọ́dà yín wà?" Ó ní 1100. Mo ní, "Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò náà ńkọ́?" Ó ní 1100 náà ni. Ìgbà tí wọ́n fi máa pín àyè kan fún díílà rẹ̀, ti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń gba ọ́dà rẹ̀. Mo tún bi í pé èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní díílà fi 10,000 dọ́là lé iye tí wọ́n kọ sára gíláàsì mọ́tò.

Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1958 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n lẹ ìwé iye owó mọ́ gíláàsì mọ́tò tuntun, ṣùgbọ́n òfin náà kò fi dandan mú díílà pé iye yẹn ni kó tà á. Nígbà tí Corvette yìí wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ díílà bu ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé e. Kọ́bọ̀ kan nínú èlé yìí kò dé ọwọ́ ẹni tó ń de bóòtì ní Bowling Green. Ẹ̀gbọ́n wa kò sì sọ pé díílà ló ba ọjà jẹ́.

Ní ti ìyanṣẹ́lódì, mi ò ní bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nǹkan bí 48,000 ọmọ ẹgbẹ́ United Auto Workers fi iṣẹ́ General Motors sílẹ̀, ẹ̀ka wọn ti Bowling Green, Local 2164, sì wà nínú wọn. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi dúró ní gẹ́ètì. Ó yẹ kí iṣẹ́ mọ́tò tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2020 ló bẹ̀rẹ̀. Ó fi nǹkan bí oṣù méjì pẹ́. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn náà, àrùn Kòrónà ti ilé-iṣẹ́ pa títí di oṣù Karùn-ún. Ní 2021, àìsí ẹ̀yà mọ́tò dá láìnì dúró. Ní oṣù Kejìlá 2021, ìjì líle ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fi òfin de ìjì.

Kí ló gbé wọn jáde? Ẹ fetí sílẹ̀ síbí, ẹ̀yin kásúà. Kọ́ḿpìnnì náà ní àwọn tí wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí láìnì kan náà, tí owó wọn sì kéré sí ti ẹni tó dúró tì wọ́n. Àwọn kan ti ṣe ìgbà díẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí wọ́n tilẹ̀ gbà tán, ọdún mẹ́jọ ni yóò fi ṣiṣẹ́ kó tó gba owó tó pé. Àwọn ènìyàn yìí ni wọ́n gba 250 dọ́là lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nígbà tí iṣẹ́ dúró, tó padà di 275. Ẹni tó ń san owó ilé níbẹ̀ mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé ọdún mẹ́jọ di mẹ́rin, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tó bá sì ti ṣe ọdún mẹ́ta láìdáwọ́ dúró yóò di ẹni tí wọ́n gbà tán. Wọn kò rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ilé-iṣẹ́ Lordstown ní Ohio, tí wọ́n ti tì ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, kò ṣí fún wọn mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí nọ́ńbà 3000 tí mo mẹ́nu bà. Kí òṣìṣẹ́ kan tó mú sípánà, kọ́ḿpìnnì ti mọ àwọ̀ mọ́tò, ó ti mọ ìjókòó rẹ̀, ó ti mọ ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò ṣe é. Bí mọ́tò bá sì jáde ní gẹ́ètì, orúkọ díílà ni wọ́n kọ gbèsè rẹ̀ sí, díílà ló sì máa ń yá owó láti san án. Ní ojú kọ́ḿpìnnì, mọ́tò náà ti tà tán kí oníbàárà tó fojú kàn án. Báwo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di iṣẹ́ tí a kò mọ̀ bóyá yóò wà lọ́la?

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ọ̀gá tiwa ń sọ fún wa lórí tábìlì. Wọ́n ní àwọn kò lè mọ iye iṣẹ́ tó ń bọ̀, nítorí náà àwọn gbọ́dọ̀ máa gba kásúà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Mo bi mánéjà léèrè pé bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́dà sí títí dé oṣù márùn-ún síwájú, ti ta ni? Ó ní ètò lásán ni. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbé ọjà náà lọ mọ̀ bóyá ètò lásán ni, nítorí ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan wà lára wa tí wọ́n ti tún ìwé oṣù mẹ́ta yìí ṣe nígbà mọ́kànlá.

Ẹgbẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìbéèrè wa pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ọdún kan lórí láìnì tàbí lórí mọ́tò ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó pé. Ìpàdé ẹ̀ka yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ṣíìfù òwúrọ̀. Kí gbogbo kásúà mú àwọn ìwé tí wọ́n ti fún wọn wá, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ má ṣe mú ìwé kọ́ḿpìnnì jáde ní gẹ́ètì o. Èyí tó ní orúkọ yín nìkan ni a fẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti sọnù, kó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti orúkọ fóòmáànù rẹ̀ sínú pépà kan, kó fún mi tàbí akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wa awakọ̀ ti ṣèlérí pé àwọn yóò wá.