Ẹ Yé Gbé Wúfà sí Igun Ilé

Olóòtú,

Mo fẹ́ bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀ lórí àpótí wúfà tí wọ́n ń rà sí pálọ̀ kiri báyìí. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ni mo ń ṣe. Wọ́n á gbé wúfà wá bá mi pé ohùn rẹ̀ kò dáa. Bí mo bá tú u wò, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ohun tó ṣe é. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò dáa.

Igun ilé ni wọ́n fẹ́ràn jù. Lóòótọ́, kì í gba àyè níbẹ̀, ìró rẹ̀ á sì pọ̀ sí i, torí ògiri méjì àti ilẹ̀ á jọ máa tì í padà sínú ilé. Ṣùgbọ́n pípọ̀ kọ́ ni dídùn o! Ìró tó ń mì nígbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Bí pálọ̀ yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó, ìdajì ìró yẹn ló ṣe rẹ́gí láàárín ògiri sí ògiri. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á máa gbọ́ gbì-gbì-gbì, ẹni tó jókòó sí àárín gbùngbùn kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹ gbé wúfà náà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ fi orin jùjú tí jita béèsì rẹ̀ já gaara sí i. Kí ẹ wá máa rákòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri (ẹ ti ilẹ̀kùn, kí àwọn ọmọ má baà fi yín ṣẹ̀sín). Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn jita náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé wúfà sí.

Bí àwọn sípíkà yòókù bá tóbi díẹ̀, ẹ yí ibi tí wúfà ti ń gbà á lọ́wọ́ wọn sí 80. Bí wọ́n bá kéré, ẹ gbé e sún mọ́ 120. Èyí tí wọ́n kọ 0 àti 180 sí, kí ẹnì kan máa yí i kí ẹ̀yin jókòó. Èyí tí béèsì bá kún jù níbẹ̀ ni kí ẹ fi í sí. Ẹ wá gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti lè nàka sí wúfà pé ibẹ̀ ni béèsì ti ń wá, ó ti pọ̀ jù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìlù. Ìyá ìlù ń kini, ó ń kéèyàn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, wúfà sì ń bú ramúramù lé e lórí. Àwọn ọmọ wa á rò pé ariwo lásán ni. Ti aládùúgbò ńkọ́? Kọ́tìnnì àti fóòmù kò lè dá irú ìró yẹn dúró, á gba inú ògiri kọjá lọ bá abiyamọ ní yàrá kejì. Àwọn kan á ní owó àwọn ni àwọn fi rà á. Ṣé owó wọn ni wọ́n fi ra oorun ẹlòmíràn ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, tí ẹ máa ń yí béèsì dópin ní ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè sanwó, ẹ máa sọ ibi tí yóò gbé e sí fún un kó tó gbé e lọ.

Atúnrédíòṣe,
Òṣogbo.