Ṣé Epo Ló Jò Ni, àbí Iye Rẹ̀ Ló Wálẹ̀?

Ní ọdún tó kọjá, ìyá mi kó àjọ, wọ́n sì fún mi ní ₦60,000 pé kí n fi ra ìpín ìdókòwò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣíà. Wọ́n ní kí owó náà dúró dè mí títí màá fi parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo ra ìpín báńkì kan. Láti ìgbà náà ni ìkànnì ìròyìn ọrọ̀-ajé kan ti di ohun tí mò ń wò kí n tó bọ́jú láàárọ̀. Bí mo bá rí àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ báńkì mi, inú mi á dùn. Bí mo bá rí pupa, n kò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ kan, àkọlé ìròyìn ní àwọn olùdókòwò ti pàdánù ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà. Ìpín tèmi wà lára àwọn tó wálẹ̀. Àyà mi já, mo tà á kí ọjà tó pa. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ta ló kó bílíọ̀nù yẹn lọ?" N kò rí èsì fọ̀.

Epo pupa ni ìyá mi ń tà. Wọ́n máa ń ra kẹ́ẹ̀gì epo pa mọ́ nígbà ọ̀pọ̀, wọ́n á tà á nígbà ọ̀wọ́n. Wọ́n tún bi mí pé, "Ṣé epo ló jò ni, àbí iye tí wọ́n ń pè é ló wálẹ̀? Bí kẹ́ẹ̀gì bá ń jò, o ò gbọdọ̀ sùn. Bí ó bá jẹ́ iye rẹ̀ ló wálẹ̀, ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ kí o máa lọ sílé."

Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ni àwa ọ̀dọ́ kì í bi ara wa tí a bá ń ka ìròyìn owó. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò "àdánù" inú àkọlé yẹn. Wọn á mú iye tí wọ́n ta ìpín kan kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, wọn á fi sọ gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ náà di púpọ̀, wọn á wá fi wé ti àná. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní bílíọ̀nù mẹ́wàá ìpín, tí iye rẹ̀ fi náírà kan dín, ìròyìn á ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ti wọmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìpín náà ni wọ́n tà.

Ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tiwa, ó yẹ ká rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ló ń da nǹkan rú. Àwọn ìyá ọlọ́jà kì í fi "pàdánù" sọ gbogbo nǹkan. Bí iye bá wálẹ̀, ọjà di ọ̀pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á, ó di òkùtà. Bí o bá tà á tí kò pé iye tí o rà á, ojú owó kò pé nìyẹn. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun tó sì yẹ kéèyàn ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó dáadáa, báńkì mi kò jò rárá. Ọjọ́ náà ni wọ́n yọ èrè tí báńkì náà fẹ́ pín kúrò lára iye ìpín rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá rà á láti ọjọ́ náà lọ kò ní jẹ nínú èrè ọ̀hún. Ìkéde rẹ̀ ti wà lórí ìkànnì Nigerian Exchange, ọjà ìpín ìdókòwò wa l'Ékòó, kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀fẹ́ ni. N kò kà á, àkọlé ni mo kà. Èrè náà padà wọlé fún mi, ṣùgbọ́n owó tí alágbàtà gbà ti lọ, ìpín náà sì tún gbówó lórí lẹ́yìn tí mo ti tà á tán.

Ẹnìkan lè ní ìmọ̀ràn ìyá mi léwu. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà náà lé ní 66,000. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ẹni tó bá ní iye lásán ló wálẹ̀ nígbà náà, ó ṣìnà. Epo ń jò lóòótọ́: ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ àwọn ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò nítorí gbèsè tó ti bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó sì yá owó ra ìpín kò ní àyè láti dúró de ọ̀wọ́n. Ìyá mi kò kúkú sọ pé kẹ́ẹ̀gì kì í jò. Wọ́n ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó jèrè ní oṣù mẹ́ta yìí, mélòó ló jẹ, ta ló jẹ ẹ́ tí kò san? Àwọ̀ pupa orí ìkànnì kò lè sọ èyí fún wa.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo ìkànnì o. Èmi náà ṣì ń wò ó, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan, lẹ́yìn tí ọjà bá ti pa. Màá wá pe ìyá mi, màá sọ ohun tí mo kà fún wọn ní Yorùbá. Èyí tí n kò bá lè sọ kí ó yé wọn, kò tíì yé èmi náà, n kì í sì í tìtorí rẹ̀ rà tàbí tà.

Mo ti tún ìpín báńkì náà rà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ní kí n ka ìyókù sí owó ìkọ́ṣẹ́.