Ta Ni Jíbówú Tí Kọ̀ndọ́kítọ̀ Ń Pè?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá wọ dánfó ní Anthony tí ẹ sì dorí kọ Yábàá, ẹ ó kọjá Ọbáníkòró, Palmgrove, Onípáànù àti Fádèyí kí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó figbe ta pé, "Jíbówú o!" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbíní tàbí Oníṣà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé orúkọ adájọ́ ni orúkọ náà?

Ọdún 1899, nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń kógbá sílé, ni wọ́n bí Olúmúyìwá Jíbówú. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta Grammar School, ó lọ sí Yunifásítì Oxford, ó sì di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1923. Ní 1931, ìjọba fi í ṣe adájọ́ májísíréètì, ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ọdún 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown, di agbẹjọ́rò, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà dé 1931 jẹ́ ọdún 52. Kì í ṣe ìmọ̀ òfin ni a kò ní. Àwọn òyìnbó amúnisìn gbà kí adúláwọ̀ dúró níwájú adájọ́ kí ó sì rojọ́. Wọn kò gbà pé ó lè jókòó dá ẹjọ́. Kódà, láti 1914 títí di 1933, wọ́n ka agbẹjọ́rò léèwọ̀ ní àwọn ilé ẹjọ́ tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ń darí ní ìgbèríko, bí ẹjọ́ náà tilẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn.

Jíbówú kò dúró sórí àga májísíréètì. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ ní Supreme Court Nàìjíríà. Nígbà tí òfin 1954 sọ ilẹ̀ wa di ìjọba àpapọ̀, ó jókòó ní ilé ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti àwọn ẹkùn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni láti tún àkọsílẹ̀ kà, láti gbọ́ tọ̀tún tòsì, kí wọ́n sì wò ó bóyá adájọ́ àkọ́kọ́ ṣi òfin lò. Ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn níbẹ̀ nígbà náà ṣì lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Jíbówú tún di Adájọ́ Àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó kú ní 1959.

Ní 1958, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún 52 ni a fi dúró kí a tó rí àga tó kéré jù gbà. Ọdún 27 péré ni a fi ti ibẹ̀ dé èyí tó ga jù.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ níbi kan lọ́la: ọmọ àkọ́kọ́ nínú ẹbí tó wọ yunifásítì, tàbí obìnrin kan ṣoṣo ní ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀. Lójú àwọn tó ń ṣọ́ ẹni àkọ́kọ́, àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan; òun ni wọn yóò fi wọn àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹrù náà sì wúwo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ́ a máa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí olùṣe rẹ̀ kò ní fojú rí láé.