Ìbúra Nìkan Kò Tó fún Ọ̀mùtí

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ìjọ fi ń mú àwọn ọ̀mùtí búra ní gbangba pé ọtí kò ní kan ẹnu wọn mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ rere ni mo ń ṣe. Ní ìgbà ìkórè kan, baba àgbẹ̀ kan, tí ó ti ń mu ògógóró láràárọ̀ láti ọdún pípẹ́, búra bẹ́ẹ̀, ó sì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gìrì sì mú un. Ní ọjọ́ kẹta ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Dókítà ni ó là wá lóye pé ọtí tí ó já lójijì ni ó fa gbogbo rẹ̀, àti pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa pa ènìyàn. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti padà sí ìdí ìgò, a kò sì rí i ní ilé ìjọsìn mọ́, nítorí ojú ń tì í pé òun da májẹ̀mú.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọkàn mi padà lórí ọ̀ràn yìí. Ẹni tí a mú búra, tí a sì fi sílẹ̀, òun nìkan ni ó ń jà. Bí ó bá ṣubú, òun nìkan ni ojú ń tì. Ohun tí ó ṣe aláìní ni ìpàdé àwọn tí ọtí ti di bárakú fún rí bíi tirẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn gbé ẹrù náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ní ìlú Akron ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Bill Wilson, tí ó ti jáwọ́ nínú ọtí fún bí oṣù márùn-ún, rí i pé ọtí tún ń fa òun. Ó fi tẹlifóònù béèrè lọ́wọ́ àlùfáà kan bí ó bá mọ ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Báyìí ni ó ṣe bá Dókítà Robert Smith pàdé. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà dókítà yìí mu ọtí ìkẹyìn rẹ̀, kò sì tún mu ún títí ó fi kú ní ọdún 1950. Láti ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn ọ̀mùtí tí a kò dárúkọ. Ní ọdún 2020 àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí 27 yẹ̀ wò, tí ó kan ènìyàn tí ó ju 10,000 lọ. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tí ń darí ọ̀mùtí sí irú ìpàdé yìí ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a fi wé e lọ.

Ẹ má ṣe wí pé àṣà àjèjì ni. Ǹjẹ́ àwọn baba wa kì í ṣe àáró? Lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Igbó tí apá ẹnì kan kò ká, ẹgbẹ́ a ṣán an.

Báwo ni a ó ṣe rí ìpàdé bẹ́ẹ̀? Kí ẹni tí ń mu lójoojúmọ́ kọ́kọ́ tọ dókítà lọ kí ó tó já ọtí, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ ń pàdé ní Èkó, ẹni tí ó jìnnà sì lè bá wọn pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í béèrè orúkọ baba ẹni. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ó wù ọ́ láti jáwọ́. Àwọn ìpàdé kan wà tí aya, ọkọ tàbí ọmọ lè bá ẹni wọn lọ. Bí ìpàdé kan kò bá bá ọ lára mu, dán òmíràn wò.

Níbi tí kò bá sí, ẹni méjì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ yá wọn ní yàrá kan, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ má sì ṣe dúró ní ẹnu ọ̀nà láti mọ ẹni tí ń wọlé.

Èmi ti lọ sí ilé baba àgbẹ̀ yẹn, mo sì tọrọ àforíjì. Mo wí fún un pé yàrá ilé ẹ̀kọ́ wa ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àti pé ẹnì kan ń bọ̀ láti abúlé kejì nítorí ọ̀ràn kan náà. Ó ní, “Tíṣà, bí ẹni tí ó mọ̀ mí bá rí mi níbẹ̀ ńkọ́?” Mo dá a lóhùn pé, “Baba, ẹni tí ó bá rí yín níbẹ̀, òun náà wá ni.”