Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Kì í Ṣe Àrùn Ìdílé

Ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní àwọn ìlú Afijio yòókù, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya, àwọn òbí rẹ̀ a kọ́kọ́ wádìí ìdílé ọmọbìnrin náà. Àṣà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí alárinà bá padà dé tí ó ní, "Wọ́n ń wúkọ́ nínú ilé yẹn," ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Lójú tèmi, a ṣi ìdílé wádìí.

Ní ọdún 1882, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi hàn pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e láti ẹnu ẹni tí ń wúkọ́ dé inú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn. Bí ó bá mú baba tí ó sì mú ọmọ, afẹ́fẹ́ yàrá tí wọ́n jọ ń sùn ni kí a fura sí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn.

Kòkòrò náà gan-an ni ó ní ìdílé. Bí ó ti ń bí sí i, ó ń fi àbùdá rẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, bí àwọn baba wa ti máa ń kọ àbàjà tàbí pélé fún ọmọ wọn láyé àtijọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyípadà kékeré a wọ inú ilà yìí, àwọn ìran tí ó tẹ̀lé e a sì máa gbé e kiri. Àwọn onímọ̀ a máa ka ilà náà lára kòkòrò tí wọ́n bá rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn. Bí ilà ti aláìsàn méjì bá yàtọ̀ pátápátá, èyí kọ́ ni ó kó o ran èyí. Bí ó bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí ikọ́ wọn ti orísun kan wá; nígbà náà ni a ó bèèrè ibi tí wọ́n ti pàdé: ilé, ọjà, ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ọkọ̀ tí ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Wọ́n ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa. Nínú ìwádìí tí Simeon Cadmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2006, ìdílé kòkòrò kan ṣoṣo ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikọ́ náà. Lára nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, irú méjì mìíràn ni wọ́n bá: èyí tí a mọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti èyí tí a mọ̀ mọ́ màlúù. Ẹlòmíràn ì bá ti nàka sí àwọn màlúù ilẹ̀ wa lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilà kòkòrò màlúù tí ó wà lára ènìyàn kò bá ti àwọn màlúù tí wọ́n yẹ̀ wò mu. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni èyí, kí ni ó kan ará Fìdítì? Ó kàn án, nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí a kò gbé dé ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tí yóò ka ilà rẹ̀. Ẹni tí ìtìjú mú kí ó fi ikọ́ pamọ́ lè kó o ran gbogbo ará ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ yìí gbóògùn: oṣù mẹ́fà ni a sábà fi ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ó bá kàn yín láti wádìí, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń wúkọ́ nínú ilé kan, ẹ má ṣe torí rẹ̀ tú àdéhùn ìgbéyàwó ká. Ẹ bèèrè bóyá a ti yẹ aláìsàn náà wò, àti bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ pé. Ìwádìí tí ń gba ẹ̀mí là nìyẹn.