Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Àwọn tó ń tọ́jú sáfà ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn ń dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Tchaourou, Kika àti Bétérou.

Ká ní ẹnì kan ní Tchaourou fẹ́ gba fáìlì kan tí sáfà rẹ̀ wà ní Yúróòpù. Ìbéèrè rẹ̀ lè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé Kútọnu, tó jìn ju 300 kìlómítà lọ, kó tó wọ okùn abẹ́ òkun bíi SAT-3 tàbí ACE. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú okùn bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àlọ àti àbọ̀ lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má fojú kéré e. TCP kì í da gbogbo ẹrù sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan: á rán ìwọ̀nba, á dúró kí ará ọ̀hún jẹ́ ẹ pé ó ti dé. Bí ìwọ̀nba náà bá jẹ́ kìlóbáìtì 64, tó jẹ́ òpin rẹ̀ kí RFC 1323 tó ṣí i lọ́dún 1992, mẹ́gábíìtì 5 àti díẹ̀ péré ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ lè gbé 100. Kí 100 yẹn tó lè kún, mẹ́gábáìtì 1.25 gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Eku nìyẹn. Àyè tí sáfà yà sọ́tọ̀ fún un ni ìtẹ́.

Linux òde òní ń fẹ àyè yìí fúnra rẹ̀, àmọ́ kì í kọjá òpin tí a kọ sínú tcp_rmem àti tcp_wmem. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ da nọ́ńbà sáfà ẹlòmíì kọ, ti ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà nítòsí. Ó ń dùn mí, nítorí àwọn tó jìnnà ló ń jìyà rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ: ìsopọ̀ 1,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba mẹ́gábáìtì 16 yóò jẹ gígábáìtì 16 nínú mẹ́mọ́rì.

Ẹ wọn ọ̀nà náà kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, kó sì jẹ́ láti orí fóònù tó wà ní Tchaourou gan-an lẹ ti máa wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n náà kì í dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ó sì kan Benin. Ìsọfúnni tó bá rí ọ̀nà mìíràn gbà lè rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó wọn ọ̀nà tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà ní láti tún un wọ̀n.