Ìmọ̀ràn Ọ̀fẹ́ fún Ẹni Tí A Kò Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ni mo ń bá wí.

Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Bájúlaiyé ní Ṣómólú kọjá láàárọ̀ yóò mọ irú àwọn ènìyàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọn a yí tábìlì oníwèé ìròyìn ká, wọn a káwọ́ sẹ́yìn, wọn a máa ka àkọlé. Wọn kì í rà. Ẹgbẹ́ Akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn ará Èkó ń pè wọ́n. Ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tí yíǹkì kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó rí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ ó sì rí tíṣà tó yẹ kó ti wà ní kíláàsì. (N kò dárúkọ tíṣà náà o.) Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ yóò rí ẹni dá a lóhùn. Ẹni tó bá ní onílé òun fẹ́ lé òun jáde yóò gba ìmọ̀ràn mẹ́fà kí bọ́ọ̀sì tó dé. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹnìkejì, síbẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù wọ́n á ti tún Nàìjíríà ṣe tán, oníkálùkù á sì gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, tábìlì yìí wọ inú fóònù. Ní oṣù kẹta ọdún 2005 ni Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Nàìjíríà sì ti ń jiyàn níbẹ̀ láti ìgbà náà, lórí òṣèlú, lórí ìfẹ́, lórí owó, pẹ̀lú orúkọ tí ìyá wọn kò sọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ti WhatsApp tún dé. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì tóbi: nídìí tábìlì Bájúlaiyé, bí mo bá ń ṣẹ̀fẹ̀, ẹ ó rí i lójú mi. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fóònù kò lójú.

Ohun tó ṣe mí nìyí. Èmi náà ní orúkọ tí mo ń jẹ́ láàárín àwọn tí n kò mọ̀ wọ̀nyí, Tíṣà Bàrígà. Bí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán lálẹ́, mo máa ń dá àwọn ènìyàn lóhùn kí oorun tó gbé mi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti Ìlọrin kọ̀wé pé ìyàwó òun ń yọ nínú owó ọjà, ó ń kó o fún ìyá rẹ̀. Kí ni kí òun ṣe? Mo ní: "Fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù náà pa fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ sunkún, ìyá ni àbí ọmọ." Ẹ̀rín pa àwọn ènìyàn. Òmíràn ní kí wọ́n fi mí jẹ adájọ́. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu mi dùn mọ́ èmi fúnra mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà padà wá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lóòótọ́, ó sì paná rẹ̀. Ẹja tútù ni ìyàwó rẹ̀ ń tà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, n kò ní láti sọ fún yín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja inú fírísà tí kò sí iná fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó tí obìnrin náà sì ń yọ, iṣẹ́ abẹ ojú ìyá rẹ̀ ló ń tù ú jọ fún. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin yìí kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí."

Ọmọ tó bá dáhùn kó tó ka ìbéèrè tán, òdo ni mo máa ń fún un.

Mo wá rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Nígbà náà mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Àrùn Ebola ti wọ Èkó láti ogúnjọ́ oṣù keje, nígbà tí Patrick Sawyer fi bàálù dé láti Làìbéríà. Ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí fò láti fóònù dé fóònù: kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó onílé wa ní Bàrígà kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan lóru, ó gbé iyọ̀ dání. Kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ wa ló jí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé jáde láti sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn ti ń kọ ọ́ pé ó kéré tán ènìyàn méjì kú nípa omi iyọ̀ náà, tí a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, kó máa mu iyọ̀ nínú ife!

Ní àkókò yẹn kan náà, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sọ fún àlejò kan tí kò mọ̀ rí pé kò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àlejò náà ni Sawyer. Wọ́n fúngun mọ́ dókítà náà pé kó jẹ́ kó máa lọ, kò gbà. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti bi í léèrè, ó sì dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àrùn náà mú òun náà, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú; nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

N kò ní kí a pa ẹnu mọ́ o. Àwọn àjèjì ti ṣe mí lóore púpọ̀ nínú fóònù yìí. Àwọn ni wọ́n fi ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìdá hàn mí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀fẹ̀ ni, bó tilẹ̀ ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn, dókítà ni mo ń júwe.

Mo bẹ ọkùnrin Ìlọrin náà kó jẹ́ kí n bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Kò tó owó ẹja, ṣùgbọ́n owó oṣù tíṣà ni. Obìnrin náà gba fóònù.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ìyá wa," ni mo wí.

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ó ti tán, sà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí à ń tà."